Bọ̀dá Mi Ò Ṣílẹ̀kùn fún Mi Mọ́ Nítorí Àwọn Tí Mò Ń Bá Jọ́sìn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ bá mi dá sí i. Bọ̀dá Wándé, ọmọ ìyá mi, tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú tí mo fi dé Johannesburg, ti ní n kò gbọdọ̀ tẹ ilé àwọn mọ́. Láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ní Doornfontein ni mo ti ń rí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bàtà wọn. Bí mo bá kí wọn lójú títì, wọn yóò wo ibòmíràn. Ìyàwó wọn ní kí n ní sùúrù. Sùúrù wo ló tún kù tí n kò tíì ní? N kò jalè, n kò sì rojọ́ wọn fún ẹnikẹ́ni. Ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa o!

Inú ìjọ Aládùúrà ni wọ́n bí wa sí ní Iléṣà. Sútánà funfun ni mo fi mọ Ọlọ́run, ẹsẹ̀ lásán ni mo sì fi ń wọ ilé Rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìlú yìí, Bọ̀dá ti di ọmọ ìjọ àwọn Yorùbá kan ní Braamfontein, ìjọ ọlọ́lá tí àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì ń wakọ̀ wá láti Sandton. Mo bá wọn lọ. Wọ́n kí mi káàbọ̀, wọ́n bi mí ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo ní aránṣọ ni mí, ọ̀rọ̀ sì tán. Irọ́ ò sí ńbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ṣẹ̀ mí. Àmọ́ bí mo ṣe dá wà lọ náà ni mo ń dá wà bọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi kan nínú òtútù, mo wà nínú tasí, mò ń ti ilé oníbàárà mi bọ̀, iná ojú títì tí wọ́n ń pè ní róbọ́ọ̀tì dá wa dúró. Ni mo bá rí àwọn èèyàn lórí koríko lábẹ́ igi kan, funfun báláú, gbogbo wọn ò wọ bàtà. Mo pariwo nínú ọkọ̀ pé, "Áà, àwọn èèyàn mi rèé!" Mo bọ́ sílẹ̀, mo bọ́ bàtà, mo sáré lọ kúnlẹ̀ sí àárín wọn, omi sì ti lé sí mi lójú. Wọ́n dárin, n kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan! Èdè Zulu ni. Àwọn onílé ni wọ́n, Aládùúrà tiwọn ni, wọn ò gbúròó Iléṣà rí. Ojú tì mí, mo ń wá bí n ó ṣe yọ́ lọ mú bàtà mi. Màmá àgbàlagbà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣí bùláńkẹ́ẹ̀tì ara wọn, wọ́n fi apá kan bò mí, wọ́n sì ń bá àdúrà wọn lọ. Títí a fi ṣe àmín ìkẹyìn, wọn ò bi mí pé níbo ni mo ti wá.

Gogo ni gbogbo ìjọ ń pe màmá yìí, bí àwa ṣe ń pe ìyá àgbà. Mo padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, n kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Sipho, ọmọ wọn, ló kọ́ mi lórin wọn, tó ń fi ahọ́n mi rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo ń rán aṣọ funfun wọn. Nígbà tí ibà dá mi wólẹ̀, Gogo ló wá sí yàrá mi wá se oúnjẹ. Kí ni wọ́n ń pè ní ẹbí, bí kì í bá ṣe èyí?

Ó wá di ọjọ́ tí èrò ya sí ìgboro tí wọ́n ń pariwo pé kí àjèjì máa lọ. Wọ́n já ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá mi. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni Bọ̀dá àti ìyàwó wọn gbà sá. Láti ibi tí wọ́n fara pamọ́ sí, Bọ̀dá rí Sipho, tí wọ́n mọ̀ dáadáa nítorí òun ló bá wa gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó gbé páálí bàtà lé èjìká. Sipho tí kì í wọ bàtà níwájú Ọlọ́run!

"Ṣé o ti rí wọn báyìí?" ni Bọ̀dá wí. "Lát'òní lọ, o ò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Finish."

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan ló ṣe é, kì í ṣe gbogbo wọn."

"À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kóun lọ sí ààtàn lọ jẹ̀!"

N kò panu mọ́ o. Nígbà tí ó kan ẹ̀rí lọ́jọ́ Ìsinmi, mo dìde, mo fi Zulu jákujàku mi sọ ọ́ níṣojú gbogbo ìjọ, mo sì dárúkọ Sipho. Òun kò wá lọ́jọ́ náà. Gogo dìde. Wọ́n tún gèlè wọn wé, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ. A bá Bọ̀dá níbi tí wọ́n ti ń kan pákó mọ́lẹ̀kùn. Kí n tó wí nǹkan kan, Gogo ti fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú wọn, pẹ̀lú aṣọ funfun nínú àfọ́kù gíláàsì. Lọ́dọ̀ tiwọn, bí èèyàn ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá wo ni ẹni tó tó ìyá rẹ̀ yóò kúnlẹ̀ fún tí ara rẹ̀ ò ní bù máṣọ? Bọ̀dá fò sẹ́yìn.

"Mama, please! Please, get up!" Wọ́n wá kọjú sí mi. "O lọ gbé ìyá arúgbó wá kúnlẹ̀ fún mi? Ṣé o fẹ́ fi tipátipá gba ìdáríjì lọ́wọ́ mi ni? Ọmọ wọn tó jalè ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ gé ni?"

Wọ́n ti géètì. Látìgbà náà ni wọn ò ti bá mi sọ̀rọ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé Bọ̀dá jàre. Orúnkún ìyá kò lè kúnlẹ̀ dípò ti ọmọ. Èmi tí mo jẹ́ Yorùbá ló yẹ kí n dá Gogo dúró lọ́nà.

Arábìnrin kan láti Braamfontein pè mí pé àjò kì í dùn kí onílé má relé, kí n padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lọ. Ẹni tó bò mí nígbà òtútù, n kò ní tìtorí ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ọmọ ìyá mi náà, n kò ní kọ̀ ọ́ láéláé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Sipho yọjú. Ìdí igi ló jókòó sí. Mo lọ bá a, mo ní, "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi àtìwọ ń lọ sí Doornfontein. Bàtà tó bá kù lọ́wọ́ rẹ, gbé e dání. Gogo ò ní bá wa lọ."

"Eish, sisi. Tó bá lù mí ńkọ́?"

"Wàá dúró."

Ó mi orí pé òun gbọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìdí tí mo fi ké sí yín nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń bá ẹ̀gbọ́n tó ń bínú lọ́nà òdodo sọ̀rọ̀, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ bí Bọ̀dá bá yọjú? Ṣé kí n jẹ́ kí Sipho ṣáájú, àbí kí èmi ṣáájú? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí bí n ó ṣe kan ilẹ̀kùn yẹn. Bóyá kí n kàn án tàbí kí n má kàn án, n kò bi yín.