Ìlà tí Mo Pa Rẹ́ Lára Egungun Iyùn

Ẹ̀yin ará Bantè tí ẹ wá wò mí lórí àìsàn yìí, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ọdún 1978, n kò fẹ́ kó bá mi wọlẹ̀.

Fọ́tò ni mò ń yà, ẹ mọ̀. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé inú mi kì í gbàgbé. Nígbà tí mo fi ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, Eusèbe tí a jọ wà ní kíláàsì sọ lójú àwọn ọmọbìnrin pé pátákó ìkọ̀wé sàn jù mí lọ, pé pátákó a máa gba ẹfun, orí tèmi kì í gba nǹkan kan. Ẹ̀rín tí wọ́n rín ni mo dì sínú.

Eusèbe di tíṣà ní Savalou. Ó kó egungun iyùn bọ̀ láti etí òkun; kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ o, ara ẹ̀dá inú òkun tó le bí òkúta ni. Ihò wẹẹrẹ kún ara wọn, ìlà tín-ín-rín sì yí inú ihò kọ̀ọ̀kan ká. Ìlà yẹn ni àwọn ọ̀mọ̀wé òkè òkun fi ń mọ irú iyùn kan yàtọ̀ sí òmíràn. Léonie, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ọmọ Bantè níbí, ló fi omi jafẹ́lì tí a fi ń fọ aṣọ funfun fọ̀ wọ́n. Wọ́n wá kó wọn fún mi kí n yà wọ́n.

Mo yà wọ́n dáadáa, mo gbé iná sí ẹ̀gbẹ́ kí ìlà náà lè hàn. Ẹ rántí bí mo ṣe máa ń fi pẹ́ńsù kun fíìmù kí ojú àwọn ìyá àgbà lè jọ̀lọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo kun inú ihò wọ̀nyẹn lórí fíìmù, títí ìlà fi pòórá tí wọ́n sì dán bí inú àwo. Ẹ má dá èṣù lẹ́bi. Èmi ni.

Egungun náà fọ́ túútúú lórí alùpùpù lọ́nà Savalou, fọ́tò nìkan ló kù fún Eusèbe láti fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀mọ̀wé náà. Èsì dé láti òkè òkun pé nǹkan ti jẹ inú ihò wọn, kò sẹ́ni tó lè sọ irú iyùn tí wọ́n jẹ́. Eusèbe sáré wá bi mí bóyá bí mo ṣe rí wọn nìyẹn.

Mo ní, “Kámẹ́rà kì í purọ́. Lọ bi ẹni tó fọ̀ wọ́n.”

Ó lọ sọ fún ìdílé Léonie pé jafẹ́lì ló jẹ wọ́n, kò sì fẹ́ ẹ mọ́. Léonie wá bá mi ní ìsọ̀ fọ́tò mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ rí wọn lẹ́yìn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé ìlà wọn ṣì wà.”

Mò ń nu kámẹ́rà mi. Mo ní n kò rántí.

Lọ́dún yìí ó wá ya fọ́tò káàdì ìdánimọ̀. Kò lọ́kọ títí di òní. Ó jókòó, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ojú mi sílẹ̀ bó ṣe rí. Ẹ má kùn ún.” N kò mọ̀ bóyá ó mọ̀.

Òun ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn. Àbúrò mi, jafẹ́lì kò jẹ nǹkan kan, ọwọ́ rẹ mọ́. Fíìmù náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ẹ fi òwú tútù nù ún, pẹ́ńsù á kúrò, ìlà á yọ. Ẹ gbé e fún Eusèbe kó wò ó. Mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ nù ún ná.