Kárià Lẹ́yìn Alùpùpù Eré-Ìje

Mo ń dúró de fọkanáísà tó ń lẹ táyà mi ní Challenge nígbà tí mo gbọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń fìbínú bá bàbá mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lèyí?"

"Kárià ni. Mo jó o mọ́ ọn gírígírí."

"Háà! Alùpùpù tí mo fẹ́ fi sáré-ìje nínú igbó ní Sátidé! Mo yọ iná, mo yọ họ́ọ̀nù, mo pààrọ̀ sàlẹ́ńsà, kó ṣáà lè fúyẹ́. Kábúrétọ̀ ni mo ní kẹ́ ẹ bá mi fọ̀, ẹ wá lọ jó irin mọ́ ọn!"

"Ọ̀kadà wo ni ò ní kárià?"

"Kì í ṣe ọ̀kadà! Ẹ́ńjìnnì tá a gbọ́dọ̀ po ọ́ìlì mọ́ epo ẹ̀ ká tó dà á sí i, ṣé ọ̀kadà nìyẹn? Bàbá, ta ló fẹ́ jókòó sẹ́yìn mi nínú igbó? Ta ni?"

Bàbá náà ń nu ọwọ́ rẹ̀, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Lọ́jọ́ tó o ṣubú tẹ́sẹ̀ ẹ yẹ̀, kí la fi gbé ẹ jáde nínú igbó?"

"Ọ̀kadà ni."

"Èmi tí mo dì ẹ́ mú lẹ́yìn ńkọ́? Orí kárià ọ̀kadà náà ni mo jókòó sí títí a fi dé ọsibítù ní Jericho."