Ṣé Ilẹ̀ Ti Yó Ni?

Lásìkò tí ìjọba ológun ní kí tọmọdé tàgbà máa dáko, mo wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìyìn ní ibùdókọ̀ Fájuyì. Ọkùnrin kan di àpò ajílẹ̀ ìjọba mọ́ orí ọkọ̀, ó wá jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin níwájú mi.

"Ìgbẹ́ ewúrẹ́ tí Yèyé wa ń gbá jọ sẹ́yìn ilé kí wọ́n tó kú ńkọ́?" ẹ̀gbọ́n bi í.

"Ó wà níbẹ̀. Ta ló tún ń ru ìyẹn lọ sóko? Àwọn ará ọ́fíìsì ìjọba ní ká fi sílẹ̀, pé ajílẹ̀ tiwọn pọ̀, kò sì wọ́n."

"Àgbàdo wá ńkọ́?"

"Lọ́dún àkọ́kọ́, ó tutù yọ̀yọ̀. Nísinsìnyí, bí a ò bá da ajílẹ̀ yìí sí i, kò ní ṣe dáadáa. Bí a bá sì dà á, tí oòrùn mú, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo oko, á máa ta wá lójú. Ẹ̀gbọ́n mi, afẹ́fẹ́ là ń bọ́, ilẹ̀ kọ́."

Bí a ti ń jáde nílùú, ẹ̀gbọ́n yíjú sí i.

"Nígbà tí mo lọ kí Yèyé kẹ́yìn, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, 'Ṣé ilẹ̀ ti yó ni, tí ọmọ mi ò wá kó ajílẹ̀ mọ́?'"

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní ó ti yó. Síbẹ̀, wọ́n ń gbá a jọ títí ọlọ́jọ́ fi dé."

Ṣé ilẹ̀ ti yó ni? Èmi tí n kì í ṣe ọmọ wọn, ìbéèrè yẹn ò kúrò létí mi.

Àbúrò fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní ajílẹ̀ yẹn ló ń ta òun lójú.

Bẹ́ẹ̀, orí ọkọ̀ ni àpò wà.