Àyè Tí Mo Yá Tí N Kò Dá Padà

Ẹ̀yin ará, kí ẹ tó gbé àtùpà kọ́rí, ẹ dúró gbọ́ mi. Ba Nkandu, bàbá wa, ẹ má tíì lọ, torí yín ni mo ṣe wá. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán òní ni ọ́fíìsì fẹ́ lé yín lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Chola àti àwọn méjì mìíràn nísàlẹ̀ kòtò ìwakùsà wa. Irọ́ ni. Èmi Kasuba, tí ẹ ń pè ní ọmọ kọ̀ǹpútà, èmi ni. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì títí, inú mi kò gbà á mọ́.

Gbogbo yín lẹ mọ àpótí tó ń gbóòórùn afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá dára, iná rẹ̀ á tàn ní àwọ̀ ewé. Bí kò bá dára, á pọ́n, á sì ké. Ètò kékeré kan wà nínú ọkàn kọ̀ǹpútà rẹ̀, èmi ni mo kọ ọ́. Bó bá ti gbóòórùn, á yá àyè díẹ̀ nínú iyè ẹ̀rọ, á kọ ohun tó gbọ́ síbẹ̀, á fi han ètò kejì tó ń yí àwọ̀ iná padà tó sì ń ké, tí mo ń pè ní akéde, lẹ́yìn náà á dá àyè padà. Ṣùgbọ́n n kò kọ ọ́ re. Ó ń dá àyè padà kí akéde tó kà á tán, àpótí á sì dákú. Ó yẹ kí n jókòó wá ibi tí àṣìṣe wà. Àmọ́ wọ́n ń retí mi ní Ndola, àwọn ẹbí mi fẹ́ lọ tọrọ ìyàwó fún mi, ara mi sì ti wà lọ́nà. Mo bá yọ ìlà tó ń dá àyè padà kúrò pátápátá. Àpótí kò dákú mọ́. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́, mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀lẹ ni mí, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

Nígbà tó ṣe, àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ó ń yá, kò dá padà, iyè rẹ̀ ń kún. Mo mọ̀. Mo wá bá yín, Ba Nkandu, mo ní, "Bàbá, láràárọ̀, ẹ máa pa á, kí ẹ tún tàn án."

Ẹ ní, "Kí ló ń ṣe é?"

"Ó fẹ́ sinmi ni."

Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, "Òun náà ti di ara wa nìyẹn. Ó kù kó máa béèrè ọtí."

Ẹ ń ṣe é láìyẹ̀, títí ẹ fi lọ sin ẹ̀gbọ́n yín ní Luapula. N kò sọ fún ẹlòmíràn, kí wọ́n má baà bi mí pé kí ló fà á. Àpótí bá kún. Chola sọ fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù pé, "Kasuba, àwọ̀ ewé ni iná yẹn. Mo wò ó, mo tún un wò. Mo rò pé àyà mi ló ń dùn mí."

Ní ọ́fíìsì, mo ní ẹ̀yin, Ba Nkandu, ló yẹ kó bójú tó o. Ẹ yíjú sí mi, ẹ ní, "Ọmọ mi, ta ló ní kí n máa pa á kí n máa tàn án?" Mo ní n kò mọ̀. Mo rò pé ibi tó burú jù nìyẹn. Kò tíì burú.

Bupe tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí ẹnikẹ́ni má pa àpótí náà, pé bí a bá pa á, ohun tó wà níyè rẹ̀ á pòórá. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ la sọ̀ kalẹ̀. Ó bi ẹ̀rọ léèrè pé, àyè wo lo yá tí kò sẹ́ni tó dì í mú mọ́? Ẹ̀rọ ń ronú. Bupe ní òun ń lọ mú wáyà tí òun á fi ṣe ẹ̀dà ìdáhùn náà. "Bá mi ṣọ́ ọ. Má fọwọ́ kàn án o."

Ìdáhùn bá jáde lójú mi. Ẹ̀yin ará, n kò rí irú rẹ̀ rí láyé mi. Àwọn àyè náà ń tú jáde, wọn kò lópin, ọmọ òrukàn ni gbogbo wọn. Mo ṣí ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ tí Ba Nkandu lọ ni. Mo ṣí òmíràn, afẹ́fẹ́ tí ẹ̀yin ará mí símú nísàlẹ̀ nígbà tí ẹ ń jẹ nshima. Gbogbo èémí yín ló wà níbẹ̀. Ohun tí mo pa tì, ó ti bá mi tọ́jú rẹ̀. Orí mi wú. Mo dé ìparí, mo rí i tí èéfín ń gòkè, tó ń gòkè. Àpótí gbọ́ ọ. Nígbà tó wá àyè tì, akéde ló pa, kó lè rí àyè máa gbóòórùn lọ. Ó ń gbóòórùn ikú yín, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì lẹ́nu tó lè fi ké. Mo kúnlẹ̀ níwájú irin lásán, mo sunkún. Lẹ́yìn náà ni mo nawọ́, mo pa á.

Bupe dé. "Kí ló dé?"

"Ó kú fúnra rẹ̀ ni."

Ó tàn án. Ó jí, kò rántí ẹnikẹ́ni. Mo lọ tún ètò náà kọ bó ṣe yẹ, kí ẹnikẹ́ni má rí ibi tí mo ti yọ ìlà. Kò gbà mí ju àkókò tí omi fi ń hó lọ. Iṣẹ́ tí mo sá fún nìyẹn, tí Chola ò fi lè mí dáadáa mọ́.

Ní báyìí, kò síbi tí ohun tí mo rí wà mọ́ àfi orí mi. Ba Nkandu, bí ẹ bá lè dárí jì mí, ẹ dárí jì mí. Bí ẹ kò bá lè, ó tọ́ sí mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹ má fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ̀yin yòókù, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí n dá rìn dé ọ́fíìsì. Ẹ sìn mí lọ. Mo mọ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe bí mo bá dá wà.