Ta Ló Sọ Orúkọ Ilé Mi fún Ọ̀gá?

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá aṣọ lọ́wọ́ mi lánàá, lójú gbogbo òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, nítorí lẹ́tà inú orúkọ mi. Àbúrò, jókòó, má tíì bọ́ bàtà, àbí kí o bọ́ ọ, èyí tó bá wù ọ́ ni kí o ṣe, ṣùgbọ́n wàá gbọ́ tẹnu mi lónìí. Mi ò jalè o! Mi ò sọ aṣọ ibùsùn kan nù rí. Táwẹ́ẹ̀lì tó bá já létí pàápàá, èmi ni mò ń rán an kí àlejò tó rí i. Lẹ́tà! Lẹ́tà ló lé mi kúrò nídìí iṣẹ́ mi!

O mọ̀ pé ọ̀gá lọ sí ìpàdé kan tí wọ́n ti kọ́ wọn bí a ṣe ń fi orúkọ mọ ìwà. Ìwọ dírẹ́bà rẹ̀ lo kúkú gbé e lọ. Ó dé, ó pe gbogbo wa jọ sí yàrá ìjẹun, ó gbé pátákó kalẹ̀, ó ní lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ni bí èèyàn ṣe ń wọlé, èyí tó parí rẹ̀ ni bó ṣe ń jáde, èyí tó bá sì pọ̀ jù láàárín ni ohun tó fi pamọ́ sínú. Alásè wa, torí pé M ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ tiẹ̀, ó ní M fẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ digbí, kì í yẹ̀. Alásè tó ń sá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbàkígbà tí abọ́ bá pọ̀ nílẹ̀! A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, èmi òmùgọ̀.

Ó wá kọ orúkọ mi. Ó ní, ẹ wo U, ẹ wò ó bó ṣe pọ̀ tó, ife tó lanu sókè ni, ohun tí ẹ bá dà sí i ló ń gbà, kì í dá a padà. Ó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ di kọ́kọ́rọ́ mú. Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní, ọ̀gá, U wà nínú orúkọ tiyín náà. Ó ní ìparí ni tòun wà, ife tó ti kún ni. Ṣé o gbọ́ ìsọkúsọ? Láti àná, báàgì tèmi nìkan ni mẹ́gádì ń tú wò lẹ́nu géètì. Mẹ́gádì tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé fóònù rẹ̀ pamọ́ sí!

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni kò jẹ́ kí n sùn. Orúkọ tó kọ sára pátákó, kì í ṣe èyí tí mo fi gba iṣẹ́. Kò sí U kan ṣoṣo nínú ìyẹn. Orúkọ ilé mi ni, èyí tí ìyá àgbà sọ mí, tí a kì í pè níta. Màmá Aṣọ ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, àtọ̀gá àtọmọọṣẹ́. Ta ló sọ ọ́ fún un? Ìyá àgbà ti lọ. Màmá wa ti lọ. Ọkọ mi, títí tó fi kú, "ìyàwó mi" ló ń pè mí. Ta ló kù, àbúrò? Dárúkọ rẹ̀ fún mi.

Ilẹ̀ lò ń wò. Kí lo sọ nù síbẹ̀?

Háà. Háà! Nínú mọ́tò? Ó ní kí o dárúkọ ẹnì kan kí òun fi dánra wò, o wá dárúkọ mi? Eré lẹ ń ṣe? Nínú gbogbo orúkọ ayé! Ṣé ìwọ ò lórúkọ ni? Ìyàwó ẹ ò lórúkọ? Dákẹ́, má fi ìyá wa búra fún mi. Eré tó jẹ́ pé bó ṣe parí báyìí, ìyàwó ẹ tó ń bá wa lọ aṣọ ní òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n na kọ́kọ́rọ́ sí, tí kò tilẹ̀ yà á lẹ́nu, tó ti so okùn tí yóò fi kọ́ kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí kí ọ̀gá tó sọ̀rọ̀ tán? Mo rí okùn yẹn! Okùn tuntun ni! Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Mi ò sọ pé o pa mí o. Mo kàn rí okùn ni.

Lọ́la, kí o tó ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún ọ̀gá, wàá sọ fún un lójú mi pé ìwọ tí a jọ mu ọmú kan dàgbà, o mọ ìwà mi ju lẹ́tà lọ. Lójú mi ni mo wí. Mi ò fẹ́ kí o lọ sọ ọ́ sẹ́yìn mi.

O ní o máa rò ó? Ó dáa. Rò ó. Èmi ti padà sídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ; ìyàwó ẹ ló ṣí yàrá aṣọ láàárọ̀ yìí.