Lẹ́ẹ̀fù Tó Kó Máṣíìnì Màámi Lọ

Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ sùúrù, ẹ̀gbọ́n mi! Sùúrù wo? Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn yàrá Màámi láàárọ̀ yìí, tí mo wo apá òsì, ògiri ló ń wò mí. Ògiri lásán! Máṣíìnì ìránṣọ Màámi ti lọ, àpótí òwú wọn ti lọ, dígí tí àwọn oníbàárà máa ń dúró níwájú ẹ̀ ti lọ. Mo yíjú sápá ọ̀tún, kí ni mo rí? Bẹ́ẹ̀dì tiyín rèé gbọnrangandan, kọ́bọ́ọ̀dù tiyín rèé, àwo tiyín rèé, ẹyọ kan ò fọ́.

Mo rò pé olè ni, mo figbe ta. Àfi bí mo ṣe pe Dẹ́rẹ́bà, àbúrò wa, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo kó o. Iṣẹ́ tí Àǹtí rán mi ni." Iṣẹ́ tí ẹ rán an! Ó fi fóònù hàn mí, mo sì kà á: "We have chosen ours. Give out what is left." Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ọ́? Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Àwọn ìkòkò àtijọ́ àti àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wà láàárín ilé, ohun tó ṣẹ́kù, kó kó wọn tọrẹ. Ṣùgbọ́n ta lẹ kọ ọ́ sí? Awakọ̀! Lẹ́ẹ̀fù kan ṣoṣo tí ọmọ yẹn mọ̀ láyé ni èyí tó wà lójú títì: yà sí lẹ́ẹ̀fù, má yà sí lẹ́ẹ̀fù. Ó wọlé, ó yà sí lẹ́ẹ̀fù lóòótọ́, ó palẹ̀ gbogbo ohun tó bá níbẹ̀ mọ́. Mo ní àwọn tó wà láàárín ilé ńkọ́? Ó ní ìyẹn ò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán òun.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa o! Tiyín ò kúrò lójú kan.

Ta ló tiẹ̀ pín ẹrù Màámi lẹ́yìn ìsìnkú wọn? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ dúró láàárín ilé, tí ẹ ní, "Èmi àgbà ni mo ni apá ọ̀tún, ìwọ to tìẹ sí òsì"? Ǹjẹ́ mo jiyàn? Mo ní ọ̀tún á wẹ òsì, òsì á wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Mo sì tò ó. Òsì lẹ fún mi, òṣì ló wá ń kanlẹ̀kùn mi báyìí!

Kí lẹ wí? Pé ẹ ò mọ̀ pé kò ní yé e? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run! Ẹ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ọsibítù? Nígbà tí àìsàn Màámi le, tí ẹ kọ ọ́ sí i pé "Doctor has left". Ẹ̀yin ń sọ pé dókítà ti lọ sílé ẹ̀, Dẹ́rẹ́bà ń wá a kiri apá òsì, ó ń ṣí gbogbo ìlẹ̀kùn ibẹ̀, ó ń ká àwọn aláìsàn mọ́ ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀, títí nọ́ọ̀sì fi lé e jáde. Màámi alára rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ẹ mọ̀! Ẹ mọ irú àbúrò tí ẹ ní, ẹ tún lọ fi lẹ́ẹ̀fù kan náà ránṣẹ́ sí i!

Èdè wo tiẹ̀ nìyẹn ná? Ohun tó kù, lẹ́ẹ̀fù. Ẹni tó lọ, lẹ́ẹ̀fù. Ọwọ́ òsì, lẹ́ẹ̀fù. Àfi bí ilé tí wọ́n sọ gbogbo ọmọ ibẹ̀ lórúkọ kan, tí o bá pe ẹyọ kan, gbogbo wọn á dáhùn! Ṣé ọmú tí ẹ mu yàtọ̀ sí tiwa ni? Kí ló dé tí ẹ ò kọ ọ́ pé "Kó ìyókù tọrẹ"? Ìyókù! Kò sí òpònú tó máa gbọ́ ìyókù tó máa yà sápá òsì!

Ẹ mọ ibi tó kó o lọ? Ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí tó wà lẹ́yìn pósófíìsì. Mo sáré débẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ti pé lé máṣíìnì náà lórí, wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Kí n tó lanu, ìyá tó ń tọ́jú wọn ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ Màámi sáfẹ́fẹ́ rere. Mo ṣe àmín. Kí ni n ó ṣe? Kí n já a gbà lọ́wọ́ ọmọ tí ò ní ìyá? Mo ṣe àmín, mo sì sunkún délé.

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn o! Orí máṣíìnì yẹn ni Màámi ti kọ́ mi ní ìránṣọ. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú níṣojú yín, wọ́n ní, "Ìwọ lo ni máṣíìnì mi, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbà á." Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Aṣọ àwọn èèyàn wà nílẹ̀ tí mo ti gé, kí ni n ó fi rán an, eyín?

Ẹ gbé pẹ̀lẹ́ yín, mi ò fẹ́! Ẹ ra máṣíìnì tuntun, kí ẹ fọwọ́ ara yín gbé e lọ fún àwọn ọmọ yẹn, kí ẹ fi gba ti Màámi padà fún mi. Lónìí! Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Ọlọ́run gbọ́, èmi àtẹ̀yin ò tún ní jókòó sójú kan mọ́.

Kí lẹ tiẹ̀ ń tẹ̀ nínú fóònù yẹn nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀? Dẹ́rẹ́bà? Kí ló ní? Ó ti gbé ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà Màámi, ohun tí ẹ bá sọ ló ń retí? Ẹ sì ti dá a lóhùn? Ẹ kọ kí ni? Ẹ tún un kà, etí mi ò gbọ́ dáadáa. "All right"?

Yéè! Gbogbo ráìtì! Gbogbo apá ọ̀tún! Ẹ kọ gbogbo ráìtì sí Dẹ́rẹ́bà! Hà! Bẹ́ẹ̀dì! Kọ́bọ́ọ̀dù! Àwo! Ẹ̀rín á pa mí lónìí! Níbo lẹ ń sáré lọ? Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀. Ọmọ aláìlóbìí náà ń sùn, wọ́n nílò bẹ́ẹ̀dì.