Ìpàdé Linux Láyé Ológun

Láyé ìjọba ológun, nínú takisí tó ń lọ sí Ìlódè, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ olùkọ́ kan àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

"Sà, ní Sátidé, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé ètò kọ̀ǹpútà Linux, èmi á fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn wọ́n."

"Rọra sọ̀rọ̀. Èèyàn mélòó lo pè?"

"Ogún, sà."

"Ogún! Bí ṣọ́jà bá já wọlé ńkọ́?"

"A ó ní ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni."

"Ta ló máa dúró gbọ́? Níbi ìpàdé àdúgbò lásán ni wọ́n ti mú àbúrò mi. A ò tíì rí i."

Akẹ́kọ̀ọ́ náà mí kanlẹ̀. "Ṣé ká fagi lé e, sà?"

Olùkọ́ náà wò mí tìfura-tìfura. "Rárá. Kí wọ́n máa wá sílé mi ní márùn-ún márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni màá sọ ọ́."